Ihò dúdú, ìràwọ̀ tuntun: ẹ jẹ́ ká tún orúkọ wọ̀nyí yẹ̀ wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun tí awò awọ̀nàjínjìn ojú òfurufú ń fi hàn wá: ihò dúdú (black hole), ìyẹn ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀; ìràwọ̀ tuntun ńlá (supernova) fún ìràwọ̀ tó bú gbàmù; àti adé òòrùn (corona), ìmọ́lẹ̀ tó yí òòrùn ká. Mo fara mọ́ ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè lórí méjì yòókù.

Ohun tó bá dúdú, ojú ń rí i: aṣọ dúdú, ọṣẹ dúdú. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè ti inú rẹ̀ jáde, òkùnkùn ni tirẹ̀. Ihò pàápàá ṣini lọ́nà, nítorí inú ihò ṣófo. Ẹ wo Cygnus X-1, níbi tí ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ wà. Ohun tó wà níbẹ̀ wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 21 òòrùn wa. Òun àti ìràwọ̀ ńlá kan jọ ń yí ara wọn po, kò sì ju ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ tí wọ́n fi ń yípo tán. Ó ń fa gáàsì ara ìràwọ̀ náà mọ́ra. Gáàsì ọ̀hún ń lọ́ yíká bó ṣe ń já bọ̀, ó ń gbo ara rẹ̀ títí ó fi gbóná dé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìwọ̀n, ibẹ̀ ni ìtànṣán X-ray ti ń tú jáde, kó tó di pé a gbé e mì. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi gbé Uhuru, awò tó ń wá ìtànṣán X-ray, gòkè láti etíkun Kẹ́ńyà ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, 1970, àyájọ́ òmìnira Kẹ́ńyà. Èdè Swahili ló fún un lórúkọ, "òmìnira" ni ìtumọ̀ rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i.

Àwọn kan ní ká pe ihò dúdú ní ọ̀gbun. Ọ̀gbun kì í rìn. Èyí ń rìn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí "a" oníṣe wà níwájú orúkọ rẹ̀, bíi ti apẹja àti akọ̀wé. "Agbémọ́lẹ̀mì" ì bá dára, àmọ́ "gbé mọ́lẹ̀" ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́. "Agbéràwọ̀mì" ńkọ́? Ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní S2, ọdún 16 ló fi ń yí ihò dúdú tó wà láàárín gbùngbùn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa po, kò sì gbé e mì. Ìràwọ̀ tó bá jìnnà sí i kò sí nínú ewu. Ìtànṣán tó bá ti kọjá ààlà rẹ̀ ni kì í padà. Agbétànṣánmì ni mo dábàá.

Ní ti "ìràwọ̀ tuntun", Tycho Brahe, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Dẹ́máàkì, ló rí ìmọ́lẹ̀ kan ní 1572 níbi tí ojú kò ti rí ìràwọ̀ rí, ó sì pè é ní tuntun ní èdè Látìn. Òun kò ní awò kankan lọ́wọ́. Àwa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìràwọ̀ tó bú ní oṣù Kejì, 1987, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀: Sanduleak -69 202. Awò Hubble ti ń ṣọ́ òrùka gáàsì tó yí i ká, ó rí i bó ṣe ń tàn sí i nígbà tí ìgbì ìbúgbàmù náà kọlù ú. Ìràwọ̀ àtijọ́ ló kú, ẹ má jẹ́ ká pe ikú ní ìbí. Ìràwọ̀ abúgbàmù tó.

Adé òòrùn dúró. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà òjìji oṣùpá ní Tógò, Benin tàbí Nàìjíríà ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 2006 ti fojú rí adé náà, kò nílò àlàyé. Awò SOHO ń fi àwo kékeré bo ojú òòrùn kó lè máa rí i lójoojúmọ́.

Ó ku ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ìbúgbàmù, irú èyí tí awò Chandra yà ní 1999, Cassiopeia A, tí irin àti imí ọjọ́ ń fọ́n ká nínú rẹ̀. Àfọ́kù ìràwọ̀ ni mo fẹ́ ká pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.