Áàpù ayánilówó ń fi fọ́tò àbúrò mi ránṣẹ́ káàkiri, kí la lè ṣe?

Aláṣọ Gbági: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin yá owó lórí áàpù kan láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Ọjọ́ ìsanwó kò tíì ju àná lọ tí wọ́n fi kọ OLÈ gàdàgbà sára fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Pásítọ̀ rí i, ìyá ọkọ rẹ̀ rí i. Wọ́n tún ń pe èmi náà tọ̀sán-tòru, èmi tí mi ò mọ áàpù yẹn rí! Ó ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, síbẹ̀ wọn ò dáwọ́ dúró.

Atúnfóònùṣe: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé orí Play Store ló ti gbà á? Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 ni Google ti ní áàpù ayánilówó kankan níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wo contacts tàbí fọ́tò èèyàn mọ́.

Aláṣọ Gbági: Rárá o, líǹkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Atúnfóònùṣe: Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú un. Bó ṣe tẹ Allow nígbà tí áàpù ní òun fẹ́ wo contacts, gbogbo nọ́ńbà ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Yíyọ áàpù kò lè gbà á padà.

Lọ́yà Ìyágankú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Gbèsè wà, kó san án, kó sì gba ẹ̀rí ìsanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè kì í ṣe olè. Ẹ tún wò ó: àbúrò yín lè gbà kí wọ́n lo nọ́ńbà tirẹ̀, kò lè bá yín gbà kí wọ́n lo tiyín. Òfin ìdáàbòbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 dáàbò bo ẹ̀yin náà, ẹ sì lè fẹjọ́ sun NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin náà, fúnra yín. Ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú. Àwọn ló ń fọwọ́ sí irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ní 2021, NITDA, àjọ ìjọba lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà fún ayánilówó kan lórí irú ìwà yìí.

Ẹ ya screenshot gbogbo rẹ̀, kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn. Bó ti wù kó dùn yín tó, ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́.

Aláṣọ Gbági: Ẹ ṣeun púpọ̀. Pásítọ̀ ti ní òun ò pa tòun rẹ́, òun yóò fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo ń lọ bá báyìí.