Síìpù ọmọ mi tún já: ṣé ó sanra jù ni?

Ìyá Àjọkẹ́:
Ẹ kú ilé o. Ọmọkùnrin mi, ọdún 8, síìpù ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kejì láàárín sáà kan. Télọ̀ mi l'Ọ́jà Ìgbọ̀nà, l'Óṣogbo níbí, ní òun ò rí aṣọ tú mọ́. Mo gbé e gun òṣùwọ̀n: kílò 38, ó sì ga ní mítà 1.30. Màmá ọkọ mi ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, ara ọmọ olówó nìyẹn. Owó wo? Èyí tó tún yà mí lẹ́nu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ́ rẹ̀, tó wà lágboolé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ń jẹ àmàlà jù ú lọ, síbẹ̀ ó rí tẹ́ẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ta-Ẹ̀fun:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ fi gíga rẹ̀ pín kílò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, bíi 22.5 ló máa já sí. Tó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ti ọmọdé, ọjọ́ orí la fi ń wò ó àti bóyá ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Fún ọmọkùnrin ọdún 8, ó ti wọ ìsanrajù. Ẹ gbé e lọ kí dókítà wò ó.

Ti ara ọmọ olówó tí màmá ọkọ yín sọ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ilé tí owó ò ti tó ni ìsanrajù ọmọdé ti wọ́pọ̀ jù. Níbí, ọmọ ìgboro, ọmọ ilé ìwé aládàáni, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ ń jáde láàárọ̀, àwọn ni mo ń rí. Ó yẹ kí ọmọdé máa sáré ṣeré fún wákàtí kan lójúmọ́ ó kéré tán. Báwo ni tiyín ṣe ń dé ilé ìwé?

Bàbá Ìbejì:
Ilé tó ní géètì la kó lọ ní tiwa. Bọ́ọ̀lù tán, ó ku tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní òróbó, ó ń dun ọmọ.

Ìyá Àjọkẹ́:
Ẹ ṣé o. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé e láti Òkè-Fìà, lẹ́sìnì di aago 5, lẹ́yìn náà mo ti géètì mọ́ ọn. Tí mo bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ra ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì bọ̀ láti fi bẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń pẹ́ kí n tó dé, lójoojúmọ́. Mo máa gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Sátidé, kó lọ bá wọn sáré. Màmá ọkọ mi ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún.