Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìrora díìsìkì ẹ̀yìn (ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn) láìṣe iṣẹ́ abẹ?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 7 tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí, tí ìrora náà sì ń gba ìdí ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, débi pé bí mo bá sín lásán, ńṣe ni ó máa ń jó mi bí iná. Àyẹ̀wò MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, fi hàn pé díìsìkì tó wà láàárín eegun L4 àti L5 (eegun kẹrin àti ìkarùn-ún ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn) ti yọ síta. Dókítà ní kí n ní sùúrù, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń súnkì fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, àfi bí ẹsẹ̀ bá ń rọ tàbí tí n kò bá lè kápá ìtọ̀ mọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: láti ìgbà tí mo ti ń dojú bolẹ̀, tí mo ń fi ọwọ́ gbé àyà sókè bí onífisiotẹ́rápì (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) ṣe kọ́ mi, ìrora ti kúrò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gan-an wá ń ro mí sí i. Ṣé àmì ìwòsàn ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó ń dín ara wíwú kù) sí ẹ̀yìn, ó tó ìgbà wo kí ìrora tó padà, bí ó bá padà rárá?