Àbájáde: ẹ̀rọ orin tó ń gbé owó mì láìkọrin

Ìbéèrè mi nípa owó tó ń bọ́ sínú àpótí owó inú ẹ̀rọ orin (jukebox, ẹ̀rọ tó ń kọrin bí a bá ju owó ẹyọ sí i) láìsí orin ti yanjú. Síwíìṣì ojú ọ̀nà owó ni: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí owó ẹyọ máa ń tẹ̀ bó ṣe ń kọjá ti wọ́, kò kan owó mọ́. Ẹ yọ iná, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì ju ẹyọ owó 20 sí i. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà.

Sípíríìtì ni kí ẹ fi nu ọ̀nà owó. Ẹ má fi òróró kàn án rárá! Eruku ló máa kó, owó á tún há.

Kí ẹ tó pín owó pẹ̀lú ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ wà, ẹ fi mítà (òǹkà inú ẹ̀rọ tó ń ka owó ẹyọ tó wọlé) wé owó inú àpótí. Bí owó bá ju mítà lọ, síwíìṣì ṣì ń fo owó kan láìkà á. Bí mítà bá jù ú lọ, wáyà ń ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, àbí ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ àpótí.