Òṣùmàrè méjì tí mo rí láti Òkè Màpó

Wọ́n ní kí kálukú sọ ìgbà tó rí òṣùmàrè, púpọ̀ nínú àwọn tó ti sọ ìrírí wọn ló sì rí i lẹ́yìn tí òjò dá. Ní tèmi, kí òjò tó dé rárá ni mo rí i, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́bàá gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Òjò ti ṣú dùdù ní ìlà-oòrùn, oòrùn sì ń ràn lẹ́yìn mi láti ọ̀nà Dùgbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ fi pupa fòò. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan gbójú sókè, ó ní, "Òjò ò rọ̀ mọ́, òṣùmàrè ti dá a dúró." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ń fa ọ̀rá bo èlùbọ́ rẹ̀, tó ń fi òkúta tẹ etí ọ̀rá náà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbà gbọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ, nítorí pé òjò oníjì tiwa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá sí ìwọ̀-oòrùn. Òṣùmàrè ìrọ̀lẹ́ a máa ṣíwájú irú òjò bẹ́ẹ̀, ti àárọ̀ a sì máa tẹ̀ lé e.

Méjì ni òṣùmàrè náà. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ní àwọ̀ pupa lókè àti àwọ̀ àlùkò nísàlẹ̀. Èyí tó wà lókè rẹ̀ rí bàìbàì, pupa tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, nígbà tí ojú ọ̀run àárín méjèèjì dúdú ju ibi yòókù lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń wọ inú ẹ̀kán òjò, tó ń tẹ̀, tó ń kọlu ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún ń tẹ̀ bó ti ń jáde. Bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ kò dọ́gba, ìyẹn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Pupa ń padà ní nǹkan bí dígírì 42 sí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gbà wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlu inú ẹ̀kán òjò lẹ́ẹ̀mejì ló ń ṣe òṣùmàrè kejì, ní nǹkan bí dígírì 51. Bí oòrùn bá ti ga ju dígírì 42 lọ, ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ kò ní rí òṣùmàrè àkọ́kọ́ lójú ọ̀run, nítorí pé òdìkejì oòrùn ló máa ń wà, bí oòrùn bá sì ṣe ń gòkè ni òun ń lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í rí i ní Ìbàdàn láàárín aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, bó ti wù kí òjò àti oòrùn pàdé tó.

Ẹsẹ̀ òsì òṣùmàrè náà dà bíi pé ó fìdí kalẹ̀ sí Ìwó Róòdù gan-an, níbi tí àbúrò mi ń gbé, ni mo bá pè é pé kó jáde wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, òṣùmàrè wo lẹ ń wí? Òjò ti ń pa mí níbí." Kò purọ́: ìkùukùu ti bo oòrùn mọ́ ọn lójú, àwọn ẹ̀kán òjò tó sì ń tan àwọ̀ sí mi lójú ní Màpó kò tan nǹkan kan sí tirẹ̀.