Kí ló pa pátì òde àríyá àti "party" inú ìwé ilẹ̀ pọ̀?

Ọmọ Owé, Kàbà
Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní kí n ka ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan fún bàbá mi kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i, mo sì rí i pé gbogbo ibi tí mo rò pé orúkọ ẹni tó ń ta ilẹ̀ àti ẹni tó ń rà á yóò wà, "party" ni agbẹjọ́rò kọ síbẹ̀. Bàbá béèrè bóyá àríyá ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí ilẹ̀ náà. N kò rí ohun gidi sọ. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe ń jẹ́ òde ìgbéyàwó, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹni tó ra ilẹ̀? Èwo ló ṣáájú?

Olùkọ́ Àgbà, Mọpà
Òde ìgbéyàwó ni àbúrò gbogbo wọn. Èdè Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, níbi tí partie ti jẹ́ ìpín tàbí apá kan nǹkan. Ó wá láti ara partir, èyí tí í ṣe kí a pín nǹkan, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni pars ti èdè Látìn. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, èdè Faransé ràn kálẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá, ó sì wọ kóòtù, tó fi jẹ́ pé ọdún 1362 ni òfin tó ní kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ tó jáde. Bí obì bá là, awẹ́ kọ̀ọ̀kan ni partie. Bí ẹjọ́ bá wà láàárín ẹni méjì, apá kan ẹjọ́ náà ni olúkúlùkù wọn. Ohun tí agbẹjọ́rò yín kọ nìyẹn, kò sí ijó nínú rẹ̀. Láti orí apá tí ènìyàn dúró sí ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sórí àwọn tó jọ dúró sí apá kan, títí kan ẹgbẹ́ òṣèlú, àti ọ̀wọ́ ènìyàn tó jọ jáde fún iṣẹ́ kan, bí ọdẹ tàbí ọmọ ogun. Ìgbà tó tó nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni ó tó kan àwọn tó pé jọ láti gbafẹ́.

Akọ̀wé Kóòtù, Lọ́kọ́jà
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ní kóòtù, ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí ènìyàn kan ṣoṣo lè jẹ́ party. Ẹ fi "third party" tí à ń rà mọ́ ìwé ọkọ̀ ṣàlàyé fún Bàbá: ẹni tó ni ọkọ̀ ni ẹnì kìn-ín-ní, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ìkejì, ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá ni ìkẹta.

Ọmọ Ìyàgbà, Ìsánlú
N kò bá yín jiyàn lórí Faransé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe rí lẹ́nu tiwa. Nígbà tí a wà lábẹ́ Ìjọba Àríwá, ẹgbẹ́ òṣèlú NPC (Northern People's Congress) àti Action Group jọ ń du ìbò wa. "Congress" ni ti àkọ́kọ́ pe ara rẹ̀, "Group" ni èkejì, síbẹ̀ pátì ni àwọn àgbà wa ń pe méjèèjì. Ní ti àríyá, òde tàbí ináwó ni àwọn màmá wa ṣì ń sọ pé àwọn ń lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní pátì ni ti àwọn ọ̀dọ́, tó ní ẹ̀rọ orin àti ijó òru.

Ọmọ Owé, Kàbà
Ẹ ṣé gan-an. Ti ìwé ọkọ̀ ló yé Bàbá jù. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì tẹ̀ka. Wọ́n ní kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ kọ "olùtà" àti "olùrà" síbẹ̀ ná.