Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n mi ní n kò sí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí a gbọ́ ikú Abíọ́lá

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Bàbá wa fẹ́ pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. A ń kó ìwé ìrántí kékeré kan jọ tí a ó pín fún ẹbí, oníkálukú sì ń kọ ohun tó rántí nípa wọn. Èmi mú ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998, ọjọ́ tí ìròyìn ikú MKO Abíọ́lá kàn wá. Ọmọ girama ni mí nígbà náà.

Ohun tí mo kọ rèé. Ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n rán mi lọ ra kẹrosíìnì. Bí mo ṣe ń bọ̀, obìnrin kan figbe ta níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbo, àwọn èèyàn sì ń sáré jáde láti inú ilé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ Bàbá ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn, rédíò ń sọ̀rọ̀ lára ìṣó tí wọ́n máa ń fi kọ́. Bàbá dúró ti máṣíìnì, téèpù wà lọ́rùn wọn, omi sì ń dà lójú wọn. N kò rí ẹkún bàbá mi rí kó tó di ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé, “Wọ́n ti pa á. Wọ́n ti pa á.” Títí di òní, bí òórùn kẹrosíìnì bá kàn mí nímú, ibẹ̀ lọkàn mi ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á, wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní àwọn gan-an ni wọ́n rán ní kẹrosíìnì, pé ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi gbé mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ìtàn tí àwọn sọ fún mi nígbà tí mo dé ni mo sọ di tèmi. Wọ́n tiẹ̀ fi kún un pé àwọn ń wo bọ́ọ̀lù Super Eagles àti Denmark lọ́wọ́ nílé aládùúgbò wa nígbà tí ariwo sọ.

Màmá ì bá là wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Bàbá nìkan ló kù, wọn kì í sì í dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n tò lórí ìlà dìbò ní June 12, wọ́n fi gbogbo ọkàn gbà pé ọkùnrin náà ń bọ̀ wálé. Ṣé kí n yọ ìtàn mi? Ṣé kí a bi Bàbá, àbí kí a má dán an wò?

Ìyá Ìbejì Agége:

Má yọ nǹkan kan o, àbúrò mi. Ojú bàbá rẹ tí o rí, ta ni yóò bá ọ rí i? Èmi wà nínú ọjà l’Ágége pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Ti ọjọ́ kejì ló le jù fún èmi: táyà ń jó lójú títì, àwọn ọlọ́jà ń kó igbá sá wọlé, ọmọ ń ké, n kò mọ ọ̀nà tí màá gbà délé. Àwọn èèyàn kú nínú rògbòdìyàn yẹn, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tó jáde láàárọ̀ tí kò padà wálé mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ti Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ayẹyẹ ni ẹ fẹ́ ṣe fún wọn. Ẹni tó pa ẹnu mọ́ fún ọdún tó pọ̀ tó báyìí mọ ìdí tó fi pa á mọ́.

Tíṣà Ìtàn:

Ẹ kú ìsapá, ọmọ mi. Iṣẹ́ ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ girama, ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ àti déètì bá yín tò ó.

Super Eagles àti Denmark gbá bọ́ọ̀lù ní Saint-Denis lọ́jọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹfà. Wọ́n nà wá 4-1, a sì padà sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Keje, ni Abíọ́lá kú l’Ábújá, níbi tó ti ń bá àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, Thomas Pickering àti Susan Rice wà lára wọn. Bọ́ọ̀lù Denmark àti ikú Abíọ́lá kò lè jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lóòótọ́: Brazil àti Netherlands ní Marseille, aago mẹ́jọ alẹ́ tiwa, tí Brazil fi pẹnáritì borí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí ni ẹ̀gbọ́n yín ń rántí. Ẹ má fi ìyẹn bú wọn o, kò sì sọ pé ẹ̀yin wà ní Mọ́kọ́lá. Ohun tó sọ kò ju pé orúkọ bọ́ọ̀lù ti yí padà nínú ìrántí wọn.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Abacha kú ní 8 oṣù Kẹfà, oṣù kan ó dín ọjọ́ kan ṣáájú Abíọ́lá. Rédíò kan náà la fi gbọ́ méjèèjì, àdúgbò kan náà ló tú jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ń jó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sunkún. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà so ọjọ́ méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Ẹ bi ara yín bóyá kẹrosíìnì wà nínú ti oṣù Kẹfà.

Àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà láyé? Ẹ pè wọ́n. Bí ẹ bá sì ń kọ ọ̀rọ̀ Bàbá pé “wọ́n ti pa á,” ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Àwọn dókítà tó wá láti òkè òkun yẹ òkú náà wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò gbà títí di òní. Ìwé ẹbí kò lè parí ìjà yẹn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ń sọ ní Mọ́kọ́lá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Olùkọ́ Ifẹ̀:

Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan. Ní 28 oṣù Kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ òfuurufú Challenger ti Amẹ́ríkà gbiná lókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn olùṣèwádìí méjì, Ulric Neisser àti Nicole Harsch, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Emory kọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbọ́ àti ẹni tó sọ fún wọn. Nígbà tó tó nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀, wọ́n tún bi wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, ó sì dá wọn lójú. Àwọn mìíràn rí ìwé ọwọ́ ara wọn, síbẹ̀ ti tuntun ni wọ́n dìmú.

Nítorí náà, pé ó dá ẹ̀yin lójú kò tó ẹ̀rí, pé ó dá ẹ̀gbọ́n yín lójú kò tó bákan náà. Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú yín.

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1977, Roger Brown àti James Kulik bi àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú ìbéèrè yìí nípa àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n pa. Nígbà tó kan ikú Martin Luther King, àwọn aláwọ̀ dúdú tó rántí ibi tí wọ́n wà pọ̀ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ dáadáa. Ẹni tí òkú jẹ́ tiẹ̀ ni ọjọ́ náà kì í fi sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ń du ọjọ́ yẹn nítorí pé ó jẹ́ tiyín. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí orúkọ oníkálukú wà lókè tirẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá:

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, n kò fara mọ́ ti fífi Bàbá sílẹ̀. Bàbá tèmi wà ní Èkó ní 13 oṣù Kejì 1976 tí wọ́n pa Murtala Muhammed. Gbogbo wa gbà pé ẹ̀dùn ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ọmọ àbúrò mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ó bi wọ́n, wọ́n sì jókòó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó bi wọ́n tẹ́lẹ̀ rí ni. Ọmọ ọgọ́rin ọdún ni Bàbá yín. Ẹ bi wọ́n.

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe Àǹtí. Wọ́n rántí ibà náà, wọ́n rántí táyà tó ń jó ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo wà nílé àwọn lọ́sẹ̀ yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ Denmark fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, “Brazil ni. Òótọ́ ni, Brazil ni.” Ní ti kẹrosíìnì, wọn kò yẹsẹ̀, èmi náà kò yẹsẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti gbà kí méjèèjì wọ inú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má kọ pé irọ́ ni ti ẹnì kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a jọ lọ bá Bàbá ní Sátidé, kó má jẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ. Báwo ni ká ṣe bi wọ́n?

Tíṣà Ìtàn:

Ẹ má bi wọ́n pé “Èmi ni tàbí ẹ̀gbọ́n mi?” Ẹ ó sọ wọ́n di adájọ́ láàárín ọmọ wọn. Ẹ má dárúkọ kẹrosíìnì, ẹ má dárúkọ rédíò. Ẹ ní, “Bàbá, ibo lẹ wà nígbà tí ẹ gbọ́?” kí ẹ sì dákẹ́. Bí wọ́n bá sinmi lágbede méjì, ẹ má tètè bá wọn parí ọ̀rọ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Agége:

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjì nìkan lọ, kí ẹ má kó èrò lẹ́yìn. Ẹ se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn lọ́wọ́, kí wọ́n jẹun ná. Bí wọ́n bá ní “ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀,” lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá:

Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe, mà. Ìparí oṣù ni atẹ̀wé fẹ́ gba iṣẹ́. Bí Bàbá bá sọ̀rọ̀, tiwọn ni yóò ṣáájú, ti ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀lé e, tèmi á kẹ́yìn. Bí wọn kò bá sọ, tàwa méjèèjì ló máa wọlé.